Ìlẹ̀kẹ̀ gríìnì àti búráùn, ṣé dandan ni kó jẹ́ ti Ifá?

Bísí_alárànbarà: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kan lọ́jà, gríìnì àti búráùn ni wọ́n sín tẹ̀léra, ó bá àǹkárá mi lọ gan-an. Ọwọ́ òsì ni mo ń wọ̀ ọ́ sí torí aago mi wà lọ́tùn-ún. Nínú dánfó, bàbá kan ṣàdéédé kí mi ní "àbọrú àbọyè", mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi dá a lóhùn, mo kàn ń wò wọ́n ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan tún ní kí n bọ́ ọ jù síná, pé nǹkan òrìṣà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ṣé mi ò lè wọ̀ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́ lásán ni?

Akínawo: Àbọṣíṣẹ lẹ máa dáhùn, àǹtí mi. Ìdè Ifá ni wọ́n rò pé ẹ wọ̀, àwọ̀ ẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ òsì náà la sì ń so ó mọ́, wọ́n ti kà yín mọ́ awo nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí babaláwo ò bá tíì fi omi ewé fọ̀ ọ́ kó ṣe orò tó yẹ lé e, ìlẹ̀kẹ̀ ọjà ṣì ni. Àdéhùn Ọ̀rúnmìlà pẹ̀lú Ikú ni tiwa dúró fún, kí Ikú má mú wa lọ láìtọ́jọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ fún fáàrí á bọ́ ọ tí wọ́n bá bú u, àwa tí wọ́n so ó mọ́ lọ́wọ́ ò lè bọ́ ọ, àwa náà ni wọ́n ń dá dúró lójú títì tí wọ́n ń pè lọ́mọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ìyá_Ìbejì: Ọmọ mi, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mi ò ní wọ̀ ọ́. Ka Kọ́ríńtì kìíní orí 8, Pọ́ọ̀lù ní òrìṣà ò jẹ́ nǹkan kan, àmọ́ tí ohun tó ò ń ṣe bá máa mú arákùnrin ẹ kọsẹ̀, fi í sílẹ̀. Síná kẹ̀? Ìyẹn ti pọ̀ jù. Àgbélébùú tá a fi góòlù ṣe sọ́rùn lónìí, òun làwọn ará Róòmù fi ń pa ọ̀daràn.

Táyọ̀_Miami: Níbí, àwọn ará Cuba ń wọ ìdè, gríìnì àti yẹ́lò ni tiwọn. Wọ́n máa bi yín pé ta ni padrino yín, ìyẹn ẹni tó tẹ̀ yín nífá, tẹ́ ò bá rí orúkọ dá, ojú á tì yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ẹ ní kí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tú u, kó fi búlúù tàbí funfun sí i, kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ.