Ìdàpọ̀ tó ju "ẹ kú ìjọ́sìn" lọ: kí ló ń gbé e ró, kí ló ń wó o?

Olùtọ́jú Agbo:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìjọ lè kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹnì kan sì ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó fura pé kò sí níjokòó. Ìṣe àwọn Aposteli 2:42 to ìdàpọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́, bíbu àkàrà àti àdúrà, kò fi í ṣe èènì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń darí ìpàdé ilé, tí ẹ ti rí èyí tó dúró àti èyí tó wó, ẹ sọ bó ṣe ń rí gan-an. Ẹ má fi ìwàásù dá wa lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é là ń béèrè.

Diakoni Àgbà:
Iye èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mẹ́jọ sí méjìlá ló dára. Tó bá ti kọjá mẹ́rìnlá, àwọn mẹ́rin kan náà ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á di òǹwòran. Tó bá sì jẹ́ mẹ́rin péré ni yín, ọjọ́ tí èèyàn méjì ò bá wá, ìpàdé tú nìyẹn. Wákàtí kan àbọ̀ tó: ìṣẹ́jú 15 fún ìkíni, 40 fún Bíbélì, kí ìyókù jẹ́ ti ohun tó wà lọ́kàn kálukú àti àdúrà lé e lórí. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹ̀kọ́ á jẹ gbogbo àkókò, wọ́n á wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbàdúrà àjùmọ̀gbà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èèyàn á wá fún ọdún kan, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Olórí tó bá béèrè ìbéèrè, kó ka ení títí dé ẹẹ́wàá nínú ara rẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa ń ká olórí lára, òun náà á sì dá ìbéèrè ara rẹ̀ lóhùn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò ní lanu mọ́.

Akọ̀wé:
Òtítọ́ pọ́ńbélé.

Onímọ̀ Ìtàn:
Méjìlá tí Diakoni wí yẹn ti pẹ́. Ní Bristol, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1742, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ará tó wà lábẹ́ John Wesley, oníwàásù tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Wọ́n pín ara wọn sí bíi méjìlá-méjìlá, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ olúkúlùkù lọ́sẹ̀. Ojúlé ni wọ́n ti ń gbà á. Ojúlé yẹn náà ni wọ́n ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ní tòótọ́: ẹni tó ń mutí, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Kò pẹ́ tí ìtọ́jú ọkàn fi borí ọ̀rọ̀ gbèsè.

Ìyá Ìjọ:
Èyí tó ń pa ìpàdé ilé láìpariwo ni ìpápánu. Ilé àkọ́kọ́ á gbé omi àti nǹkan kékeré kalẹ̀. Ilé kejì á fi ohun mímu dídùn kún un. Nígbà tó bá máa fi kan ilé karùn-ún, ó ti di àsè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí nígbà tó bá kàn án: ọmọ ń ṣòjòjò, wọ́n ń kun ilé lọ́dà. Kò ní sọ ìdí, ojú ń tì í. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé méjì péré ni yóò kù tó ń gbàlejò, àwọn tó nilé á sì di ọ̀gá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n jẹ ẹ́. Òfin tó ń tún un ṣe ni omi àti ohun kan ṣoṣo. Ẹni tó rí jájẹ jù nínú yín ni kó kọ́kọ́ gbàlejò bẹ́ẹ̀. Bí òun bá gbé omi kalẹ̀, ojú ò ní ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì yá ẹni tí ìjókòó rẹ̀ ò tó ní àga ìjọ, kí ẹ gbé e dé ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn àlejò bá a lẹ́nu àga gbígbé.

Onídùùrù:
Ìyá, ẹ fọwọ́ ba egbò. Ọ̀rọ̀ àga yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè sọ síta.

Olùkọ́ Ọmọdé:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra lórí oúnjẹ o. Bíbu àkàrà wà nínú ẹsẹ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn tí kò lè dáhùn ìbéèrè kankan lórí Bíbélì máa ń tú ọkàn rẹ̀ síta níbi tó ti ń fọ abọ́.

Ìyá Ìjọ:
N ò ní kí wọ́n yọ ọ́ o, àbúrò. Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì 11:21-22. Kì í ṣe jíjẹun pọ̀ ni Pọ́ọ̀lù bá wọn wí sí. Ebi ń pa ẹnì kan, ọtí ń pa èkejì, wọ́n sì ń dójú ti àwọn tí kò ní. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ jẹun pọ̀. Kí olúkúlùkù gbé ohun tó bá sè fún ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà wá, kí ẹni méjì gbà á lẹ́nu ilẹ̀kùn ìdáná, kí wọ́n bù ú sínú àwo onílé kó tó dé orí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ní sẹ́ni tó mọ̀ pé ti ta ni ta ni.

Olùkọ́ Ọmọdé:
Ẹ ṣé mà. Àwo onílé yẹn, mo gbà.

Onídùùrù:
Ṣé kí ọ̀dọ́ wà pẹ̀lú ọ̀dọ́, tọkọtaya pẹ̀lú tọkọtaya, àbí kí gbogbo wa dà pọ̀?

Diakoni Àgbà:
Àdúgbò ni kí wọ́n fi pín in. Ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò dé lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Títù 2 ní kí àwọn àgbà obìnrin kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ wọn bí wọn ò bá jọ jókòó rí?

Onídùùrù:
Diakoni, ẹ dákun sà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wo ni yóò jẹ́wọ́ ohun tó ń wò lórí fóònù rẹ̀ níwájú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Onímọ̀ Ìtàn:
Ìpele méjì ló yanjú ìyẹn nígbà náà. Àwọn ará Wesley ti ní ẹgbẹ́ kékeré kan ṣáájú ti Bristol, ìlànà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti December 25, 1738: ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, wọ́n tún ya àwọn tó ti ṣègbéyàwó sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n dá látìgbà tí wọ́n ti pàdé gbẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí méjìlá dà pọ̀ ní àdúgbò. Láàárín wọn, kí ẹni mẹ́ta-mẹ́ta máa pàdé lọ́tọ̀ fún ohun tí Jákọ́bù 5:16 wí: kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ara wọn, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ara wọn.

Diakoni Àgbà:
Mo gba ìyẹn wọlé.

Akọ̀wé:
Ẹni mẹ́ta yẹn ò ní pé oṣù kan bí wọn ò bá lè pa ẹnu mọ́. Ọ̀nà tí àṣírí fi ń jáde jù ni "ẹ bá wa gbàdúrà fún lágbájá o, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ le." Ẹ sọ òfin rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún un sọ nígbàkigbà tí ẹni tuntun bá wọlé: ohun tí a gbọ́ níbí, ẹni tó ni ín nìkan ló lè gbé e jáde. Ẹ máa bi í pé, "Ṣé kí n sọ fún àwọn yòókù, àbí kó mọ sọ́dọ̀ mi?" Àmọ́ kí ẹ sọ ibi tí òfin náà dé lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ń fi ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, bí wọ́n bá ń lu ẹnì kan nílé, bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àṣírí tí à ń bò. Ọjọ́ náà ni kí ẹ wá àwọn tí òfin yàn fún un.

Ìyá Ìjọ:
Ẹ tẹ èyí mọ́ wọn létí dáadáa. Mátíù 18:15 ní kí o lọ bá arákùnrin rẹ tó ṣẹ̀ ọ́ lóun nìkan. Kò ní kí ẹ rán ẹni tí wọ́n ń lù padà sínú yàrá pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú.

Alábẹ̀wò:
Kí n sọ tinú mi. Gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Òfin lórí omi, òfin lórí àga. Ìfẹ́ ha jẹ́ ohun tí à ń kọ sínú ìwé bí?

Akọ̀wé:
Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo Ìṣe àwọn Aposteli 6. Wọ́n gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́, ìkùnsínú sì dé. Àwọn aposteli ò kàn sọ pé kí wọ́n túbọ̀ fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ìfẹ́ tí kò ní akọ̀wé, àwọn tó sún mọ́ olùṣọ́-àgùntàn nìkan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹnì kan máa sàmì sí ẹni tí kò wá, láìkà á síta. Àìwá àkọ́kọ́, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà: "A ò rí yín, ṣé kò sí o?" Ẹlẹ́ẹ̀kejì, kó pè é kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹni méjì sọ pé àwọn ń bọ̀, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n má ṣe dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp gbogbogbò ò sí lára mẹ́ta yìí. Èyí tó sì ń tú èèyàn kúrò pátápátá ni kí ìpè àkọ́kọ́ tó máa gbà lẹ́yìn oṣù méjì jẹ́ ti owó ẹgbẹ́.

Alábẹ̀wò:
Ìpè owó ẹgbẹ́ yẹn. Hmm. Mo gbọ́.

Ìyá Ìjọ:
Ẹ fi ti ọ̀fọ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èrò á kún ilé débi pé kò ní sí ibi ìjókòó. Oṣù kẹta ni ilé máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an ni kí akọ̀wé ti kọ ọjọ́ mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹfà, oṣù kẹta, àti àyájọ́ ọdún kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò lọ. Kí ẹni náà má ṣe sọ pé "bí ẹ bá nílò nǹkan, ẹ pè mí," nítorí wọn ò ní pè. Kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe: "Mo ń bọ̀ ní Sátidé, aago mẹ́wàá, mo fẹ́ bá yín fọṣọ." Kó sì dárúkọ òkú bó bá débẹ̀, kó má sá fún un.

Olùtọ́jú Agbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Bí ẹgbẹ́ bá ti pé mẹ́rìnlá ńkọ́? Pípín rẹ̀ máa ń dà bí ìkọ̀sílẹ̀.

Diakoni Àgbà:
Ẹ yan igbákejì látọjọ́ àkọ́kọ́. Kí òun máa darí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wá di gbogbo ìgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn, kí olórí sì jókòó lẹ́yìn kó dákẹ́. Nígbà tí igbákejì bá ń lọ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, kó mú mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́ tẹ̀ lé e dání. Ẹ má ya ẹni mẹ́ta-mẹ́ta tó ti ń pàdé nípa o, odidi ni kí wọ́n bá a lọ.

Onídùùrù:
Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ńkọ́ nígbà ìpàdé?

Olùkọ́ Ọmọdé:
Àgbàlagbà méjì ni kó máa wà pẹ̀lú wọn, kó má jẹ́ ẹnì kan láé, kí ilẹ̀kùn yàrá náà sì wà ní ṣíṣí. Àwọn òbí ni kó máa yíra wọn padà nídìí ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́fà fún kálukú. Bó bá jẹ́ èèyàn kan náà lẹ ń fi síbẹ̀ títí, òun ni kò ní sí nínú ìdàpọ̀ kankan.