Oníbàárà kan ń rọ̀ mí kí n fi owó lé rìsíìtì, ọkàn mi sì ti fẹ́ máa gbà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ṣọ́ọ̀ṣì wa torí àwọn tó mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí nìyẹn.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Mò ń ṣe alábẹ́là tí a ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya ọnà sí, mò ń ṣe oníko tí a ń fi ìko so, èmi náà ni mo sì ń pa á láró lẹ́yìnkùlé ilé wa. Obìnrin kan wà tó máa ń ti Èkó wá rajà lọ́wọ́ mi. Òun ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ ra aṣọ: aṣọ òkú, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí irú wọn bá yà sí ìsọ̀ rẹ̀, ọjà tà lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó fẹ́ ọgọ́ta ìdì, yáàdì márùn-ún márùn-ún. A nájà títí, a fẹnu kò sí ₦9,000. Àṣé ọ̀rọ̀ kù. Ó ní kí n kọ ₦11,500 sórí rìsíìtì. ₦2,500 lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, lọ́nà ọgọ́ta: ₦150,000. Ó ní òun á yọ ₦30,000 fún mi nínú rẹ̀.

Mo kọ̀. Mo sọ fún un pé Kristẹni ni mí, mi ò lè fọwọ́ ara mi kọ irọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra ìdì mẹ́wàá péré, ó lọ. Ìgbà tó tún yà, ọ̀rọ̀ náà ló tún gbé dé. Mo ní ìwé rìsíìtì mi ti tán. Ó tún pè mí lórí fóònù, mo ní kó jẹ́ kí n bá ọkọ mi sọ ọ́ ná. Lánàá ló wá kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òkú ńlá kan ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá, igba ìdì ni wọ́n máa nílò, ṣé ìwé rìsíìtì mi ti dé?

Ẹ̀yin tó ń ṣòwò mọ bí ọjà ṣe rí báyìí. Téru, aṣọ funfun tí a ń pa láró, ti wọ́n, sọ́dà ti wọ́n, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe obìnrin náà. Mò ń gbààwẹ̀, mi ò sì ń pa ìṣọ́ òru jẹ. Tí mo bá ti ìṣọ́ òru dé láàárọ̀ Sátidé, kò sí ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ ọjà, tí mo rí i tí wọ́n ń di ẹrù àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sínú mọ́tò, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Mi ò béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni o. Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, báwo lẹ ṣe ń wà lójúfò nígbà tí ìdánwò kan náà ò bá yéé padà wá?

Ọmọ Láfẹ́ńwá:

Màmá, ẹ kú iṣẹ́, Olúwa á bù sí i. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣé a ò ti máa gbé ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù? Iye tí ẹ ta ọjà yín lẹ gbà. Ohun tó bá lọ sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, àárín òun àti wọn nìyẹn. Páàtì mọ́tò ni mò ń tà, mẹkáníìkì tó bá mú oníbàárà wá ń retí tiẹ̀, bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ẹ má gba ₦30,000 yẹn, ẹ má gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà kọ iye tó fẹ́, kí ẹ rí ọjà yín tà. Ẹ̀mí yín á balẹ̀.

Bàbá Olùkàwé, Aké:

Arábìnrin mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo tún padà kà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ wa ti Láfẹ́ńwá lóhùn.

Ọmọ mi, ẹni tó máa san ₦2,500 yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nájà. Opó kan lè wà nínú ẹgbẹ́ náà tó yáwó kó lè rí aṣọ rà. Tó bá ní ó wọ́n, rìsíìtì yẹn ni wọ́n máa nà sí i, ọwọ́ màmá ló sì kọ ọ́. Nígbà tí àwọn agbowó-òde bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, nínú Lúùkù orí kẹta, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ní kí wọ́n wá máa gbé aginjù pẹ̀lú òun. Ó ní kí wọ́n má gbà ju iye tí a là sílẹ̀ fún wọn lọ. Ìdí owó gan-an ló ti ní kí ìrònúpìwàdà wọn bẹ̀rẹ̀.

Màmá, ó kan ìbéèrè yín. Ẹ padà lọ ka ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Ìdáhùn àkọ́kọ́: Kristẹni ni mí. Èyí tó tẹ̀ lé e: ìwé rìsíìtì ti tán. Èyí tó tún tẹ̀ lé e: ẹ jẹ́ kí n bá ọkọ mi sọ ọ́. Ẹ ò tíì ṣe ohun tó ní kí ẹ ṣe, mo sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run lórí yín. Àmọ́ ìdáhùn yín ti ń sún mọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé rìsíìtì ti tán, ohun tó máa rò ni pé tí rìsíìtì bá dé, ọ̀rọ̀ á yí padà. Òun ló fi ń béèrè bóyá ó ti dé.

Ẹ ṣí ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 16. A máa ń sọ ìtàn Sámsónì bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣubú. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn irọ́ tó pa fún Dèlílà. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi okùn tútù méje de òun. Lẹ́yìn náà ó ní okùn tuntun. Ẹ wo ẹ̀kẹta: ó ní kó hun ìdì irun méje tó wà lórí òun mọ́ aṣọ tó ń hun. Irọ́ ṣì ni, kò tíì tú àṣírí, ṣùgbọ́n ó ti dé orí irun! Ó ku ẹ̀kẹrin. Ẹsẹ kẹrìndínlógún sì sọ ohun tó ṣẹ́ ẹ: ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́, títí ó fi sú ọkàn rẹ̀ dé ojú ikú. Ẹni tó fi ọwọ́ lásán fa kìnnìún ya, ọ̀rọ̀ ẹnu ló borí rẹ̀.

Ẹ wá lọ sí Jẹ́nẹ́sísì 39. Ojoojúmọ́ náà ni ìyàwó Pọ́tífárì ń bá Jósẹ́fù sọ ọ́, ẹsẹ kẹwàá ló wí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí Jósẹ́fù fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó sì pe ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Kò wá ìdáhùn tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó yá. Kò tilẹ̀ gbà láti wà pẹ̀lú rẹ̀. Sámsónì ń dáhùn, ó sì ń padà gbórí lé itan Dèlílà. Ibi tí mo rí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn. (Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀wọ̀n ni Jósẹ́fù bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò ní tàn yín pé obìnrin náà ṣì máa rajà.)

Torí náà, ààwẹ̀ mìíràn kọ́ ló kù fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí ẹ má fi ààwẹ̀ sílẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ padà sí. Ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp kan náà lónìí: iye tí mo bá gbà ni mo máa kọ, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ má fi àlàyé kún un.

Ó tún máa padà wá o, tàbí kí ẹlòmíràn wá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá. Oṣù Kẹta ọdún 1851 ni ogun Dahomey wá bá ìlú yìí, àwọn baba wa sì lé wọn padà. Oṣù Kẹta 1864 ni wọ́n tún padà dé. Ìjọ ti wà nílùú nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àwọn ajíhìnrere CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fìdí kalẹ̀ síbí láti 1846, àwọn onígbàgbọ́ sì wà lára àwọn tó jà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì dúró ti odi, bí Nehemáyà 4:9 ṣe wí gẹ́lẹ́. Olúwa wa pàápàá, lẹ́yìn tó ti fi Ìwé Mímọ́ dá Èṣù lóhùn ní aginjù, Lúùkù 4:13 ní ó fi í sílẹ̀ di sáà kan.

Ìyá Ìbejì, Ọbáńtokò:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ Sámsónì yẹn wọ̀ mí lára. Ibì kan ni mi ò ti fara mọ́ yín: WhatsApp kọ́. Màmá, ẹ pè é. Obìnrin náà ní ọkàn tí Jésù kú fún, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa bá àbúrò yín sọ̀rọ̀, kó gbọ́ ohùn yín. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá tún kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má dáhùn.

Oúnjẹ ayẹyẹ ni mò ń sè. Akọ̀wé iléeṣẹ́ kan ti fẹ́ irú rìsíìtì yìí lọ́wọ́ mi rí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo tẹ iye owó kúlà ìrẹsì, ti mọ́ínmọ́ín, ti ẹran, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, mo sì ń gbé e sórí WhatsApp mi lóṣooṣù. Gbogbo ayé mọ iye tí mò ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀gúnjẹ kì í tilẹ̀ yà mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ iye sórí bébà kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ìdì aṣọ kọ̀ọ̀kan, kó bá aṣọ náà dé ọwọ́ ẹni tó máa rán an.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà tí ẹ sọ ló ká mi lára jù. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní 20, wòlíì kan sọ ìtàn fún ọba, bí ẹni pé wọ́n fi òun ṣọ́ òǹdè. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe níhìn-ín lọ́hùn-ún, a wá ọkùnrin náà tì. Kò sùn o! Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà ṣe ń ṣe wá nìyẹn: kò sí oúnjẹ láti àárọ̀, oòrùn mú, fóònù ń dún, ẹnì kan ń ná téru, ẹlòmíràn ń béèrè ṣéńjì. Ọwọ́ ọ̀sán yẹn gan-an ni ìdánwò mi máa ń dé, kì í dé lálẹ́ tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti wá ń jẹun kí n tó dé ìdí iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan sì máa ń pe ara wa lágogo méjìlá, ìṣẹ́jú díẹ̀, àdúrà, ó tán. Ó mọ ìdánwò mi ní orúkọ, mo mọ tirẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́ lóòótọ́?

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo bá ọkọ mi sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ó ní kí n pè é níṣojú òun, mo sì pè é. Mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, pé òun á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò sì bú mi. Igba ìdì ti lọ nìyẹn. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ mo sùn wọra.

Mo ti ra bébà, a ti ń gé e. Nǹkan kan ló kù: ọmọbìnrin kan ń bá mi dúró ní ìsọ̀ tí mi ò bá sí níbẹ̀, òun náà ń kọ rìsíìtì. Ọmọ ogún ọdún ni. Tí wọ́n bá fi ₦5,000 dán an wò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ọbáńtokò:

Ẹ sọ fún un ṣáájú kí wọ́n tó dé. Dáníẹ́lì ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ kó tó di pé ó bá olórí àwọn ìwẹ̀fà sọ̀rọ̀ oúnjẹ ọba. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ohun tí wọ́n máa wí fún un gan-an àti ohun tí òun máa dáhùn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí yín. Kí ẹ sì rí i pé owó oṣù rẹ̀ ń bọ́ sí i lọ́wọ́ lásìkò.

Ọmọ Láfẹ́ńwá:

Bàbá, ọ̀rọ̀ opó yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Owó tí mò ń fún àwọn mẹkáníìkì, orí owó páàtì ni mò ń lé e. Ṣé bákan náà ni? Òmíràn nínú wọn, iṣẹ́ gidi ló ṣe, ó rìn wá, ó yẹ páàtì wò, ó gbé e lọ.

Bàbá Olùkàwé, Aké:

Owó iṣẹ́ tọ́ sí ẹni tó ṣiṣẹ́, ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò bá yín jà sí ìyẹn. Ẹ fi èyí wò ó: tí ẹni tó ni mọ́tò bá dúró níwájú yín báyìí, tó ní kí ẹ là á fún òun, eélòó ni páàtì, eélòó ni ti mẹkáníìkì, ṣé ẹ̀yin méjèèjì lè sọ ọ́ fún un?

Ọmọ Láfẹ́ńwá:

Ti ẹni méjì, a lè sọ ọ́. Àwọn yòókù, rárá. Mo máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi mí sínú àdúrà, torí wọ́n máa bínú.