Àwọsánmà kọ́, àká ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka àwọn àbá tẹ́ ẹ mú wá lórí bí a ó ṣe túmọ̀ gbólóhùn inú áàpù eré ìmárale yẹn sí Yorùbá, èyí tó máa ń jáde lójú fóònù bí ènìyàn bá ti fi fídíò ìdárayá rẹ̀ ránṣẹ́ tán. Èyí tí ọ̀pọ̀ yín gbè lẹ́yìn ni "A ti gbé fídíò yín sókè sínú àwọsánmà." N ò fara mọ́ ọn. Bí ìyá àgbà kan bá rí i, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló kú.

Ẹni tó dábàá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, "cloud". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ gan-an, láti ọdún 2006 tí Amazon ti gbé S3, ètò wọn tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ tọ́jú fáìlì, jáde, garawa ("bucket") ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Garawa náà sì ní ibùgbé lórí ilẹ̀: ẹni tó ṣe áàpù ló máa yàn bóyá Ireland ni kó wà, tàbí Cape Town tí Amazon ṣí ibùdó sí lọ́dún 2020. Ilé ni, ó ń jẹ iná mànàmáná, ẹnìkan ló sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò ikùn rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó ti ń wọlé, ó yẹ kó mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan ni fọ́tò náà wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú àká wá. Ibi tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí ni, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ àká tí kò ní béèrè pé àká ta ni. Àká orí ayélujára. Garawa fúnra rẹ̀ kò burú (mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀), àmọ́ ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ jù. Ó kúkú bá ìtàn rẹ̀ mu: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti ṣí garawa S3 sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí Amazon tó ṣètò rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023 pé títì ni kí garawa tuntun máa wà títí ẹni tó ni ín yóò fi ṣí i.

Ní ti "gbé sókè" ("upload"), "fi ránṣẹ́" ti tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, fídíò kì í gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ áàpù kọjá rárá. Fóònù á tọrọ àyè, wọ́n á fún un ní líǹkì tó máa kú láìpẹ́, fóònù á sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí àká tààrà. Ẹnìkan pe líǹkì yẹn, "presigned URL" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní "àjápọ̀ àfọwọ́sí-ṣáájú". Ẹ jọ̀ọ́. Ìwé àṣẹ onígbèdéke ni.

Ibi tí mo fẹ́ ká ti jà dáadáa ni "parẹ́". Bí ènìyàn bá tẹ "pa á rẹ́", fọ́tò á kúrò lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀, wọ́n sì ti kó òmíràn sí kọ̀ǹpútà ìlú mìíràn kó lè máa tètè ṣí. Ìyẹn lè wà níbẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé. Bí wọ́n bá sì ti tan ètò títọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ nínú S3, àṣẹ ìparẹ́ lásán kì í pa nǹkankan rẹ́. Àmì ló ń fi lé e lórí pé kí wọ́n má fi hàn mọ́; fáìlì gangan ṣì jókòó síbẹ̀, owó ìpamọ́ rẹ̀ sì ń gorí ara wọn. Ní Yorùbá, a gbé ìyẹn pamọ́ ni, a ò pa á rẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa dátà òun rẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà èdè. Bọ́tìnì méjì ni mo fẹ́: "Gbé e kúrò lójú" àti "Pa á rẹ́ pátápátá", kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí èkejì máa gbà sábẹ́ rẹ̀.

"Àwòrán èékánná" tí ẹnìkan fi túmọ̀ "thumbnail", ìyẹn ẹ̀dà kékeré fọ́tò, pa mí lẹ́rìn-ín. Àwòrán kékeré ti tó.

Èyí tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí fídíò kan lè di oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, kí fóònù kékeré náà lè rí i wò. "Àtúnkọ" ti di ti ìwé. "Àtúnyí" ń dún bí ẹni ń yí ọkọ̀. "Àtúnrán" ló ń wù mí, bí télọ̀ ṣe ń tún aṣọ rán kó lè ba ẹlòmíràn mu, àmọ́ ó jọ "fi ránṣẹ́" jù létí. Ta ló ní èyí tó dáa ju ìyẹn lọ?