Àfọ́kù táìlì lára ògiri ilé ìwé

Tíṣà Kábbà: Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ fi àfọ́kù táìlì ṣe àwòrán sára ògiri ilé ìwé. Ọ̀dà wà lára ògiri náà. Ṣé sìmẹ́ńtì á mú un? Aṣọ ìpò àwọn Bùnú ló wù mí kí a ṣe, nítorí pupa rẹ̀.

Onítáìlì Ìsánlú: Ọ̀kún, tíṣà. Ọ̀dà yẹn ló máa ṣí, táìlì á sì bá a já bọ́. Ẹ kọ́kọ́ ha á kúrò, kí ẹ ṣá ògiri náà káàkiri kí sìmẹ́ńtì lè mú un, kí ẹ sì fọ eruku rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fọ́ táìlì o! Àgbà ni kó dì í sínú àpò ìrẹsì kó tó fi òòlù lù ú. Etí rẹ̀ mú bí abẹ. Kí àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, kí wọ́n máa fi gọ́ọ̀mù tò ó sórí nẹ́ẹ̀tì. Bíríkìlà ni yóò gbé e lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọdé kò gbọdọ̀ gun àkàbà, tèmi nìyẹn.

Ìyá Mọpà: Tíṣà, aṣọ ìsìnkú ìjòyè ni ìpò o! Kí lẹ fẹ́ sọ fún àwọn òbí? Ẹ ṣe ibi tí odò Ọya àti Bénúè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Àwọ̀ omi méjèèjì ò kúkú jọra.

Tíṣà Kábbà: Ẹ ṣeun, mà. Odò ni a ó ṣe.