Lẹ́ǹsì fífẹ̀ wo ni kí n rà fún ìdána inú páálọ̀?

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Canon 80D ni mò ń lò, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55mm (bí nọ́ńbà mm bá ṣe kéré tó ni lẹ́ǹsì ń fẹ̀ tó). Ìdána àti ìkómọ inú páálọ̀ n'Íbàdàn níbí ló dá mi lágara. Ìdílé méjì á kún yàrá kan, ẹ̀yìn mi á ti kan ògiri, síbẹ̀ àwọn ìyá ìyàwó ò ní wọ fọ́tò tán. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà yìí kéré, 18mm rẹ̀ dà bíi 29mm lórí kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá (full-frame).

Mo ti yà á lẹ́yọ-lẹ́yọ kí n lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ta ní ń jókòó jẹ́ẹ́ níbi tí alága ìdúró ti ń kọrin? Mo yá Canon 10-18mm lò. Ó fúyẹ́, ó sì fẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí ju f/4.5 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ń wọlé tó), ìmọ́lẹ̀ páálọ̀ ò tó o. Ní 10mm, gèlè ìyá kan tó wà létí fọ́tò fẹ̀ débi pé ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá ara rẹ̀ mọ̀. Mo ní filáàṣì tí mo máa ń kọjú rẹ̀ sókè, àmọ́ àjà onípákó dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Mo wá rí Tokina 11-16mm f/2.8 àlòkù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ju ìlọ́po méjì ti Canon yẹn lọ, ṣùgbọ́n 16mm ló parí sí, màá máa pààrọ̀ lẹ́ǹsì láàárín ayẹyẹ.

Fún ẹni tó ń ya èèyàn, tí kì í ya ilé, èwo nínú méjèèjì ni kí n rà? Láti mm mélòó sì ni ojú àwọn tó wà létí kò ti ní fẹ̀ mọ́ lórí 80D?