Ṣé kí n kọ́kọ́ wáṣẹ́ HR (iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́) ni, àbí kí n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò CIPM, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ HR ní Nàìjíríà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Sosiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan n'Íbàdàn ni mo wà báyìí, èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì àwọn olùkọ́, èmi náà ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó bá pẹ́ dé. Iṣẹ́ HR gan-an ló wù mí, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá fi CV sí, ìrírí ọdún méjì ni wọ́n ń bèèrè. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò CIPM, àbí kí n ṣì máa fi wáṣẹ́ kiri? Ẹnì kan tún ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí òun fi mí síbi iṣẹ́ kan l'Ékòó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú mi.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀! Ilé-iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lóòótọ́ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Má gbé ìpè ẹni yẹn mọ́.

Bọ̀dá Ìkẹjà:
Kú ìrọ́jú, àbúrò. Ọdún 1968 ni CIPM ti wà, òfin ọdún 1992 ló sì fún wọn láṣẹ lórí iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà. Bó pẹ́ bó yá, wàá ṣe é. Àmọ́ kó o tó sanwó, fi èsì yunifásítì rẹ hàn wọ́n kí wọ́n sọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n máa ń yọ ìdánwò mìíràn kúrò fún ẹni tó ti ka ohun tó jọ ọ́.

Má fi ilé-ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ o. HR lò ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: mo máa ń wà lára àwọn tó ń ṣe intafiú. Àwọn ọmọ á ka gbólóhùn inú ìwé bí ẹní mọ owó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ọlọ́dẹ kan ti lo ọdún mẹ́ta, ọ̀gá fẹ́ kó máa lọ, ìgbà wo ló yẹ ká ti sọ fún un?", wọ́n á dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni, àyàfi bí àdéhùn wọn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà: ẹni tí kò tíì lo ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan; ẹni tó ti lo jù bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan; ẹni tó ti pé ọdún méjì àmọ́ tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Wá òfin yẹn kà. Á wúlò fún ìdánwò, á wúlò fún intafiú.

Ọmọ Abẹ́òkúta ní London:
CIPD, ìyẹn irú CIPM ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń bèèrè níbí. Bí o kò bá ní í kúrò nílé, má tíì náwó lé e.

Àǹtí Akáńtì:
Bẹ ẹni tó ń ṣírò owó oṣù níbẹ̀ kó jẹ́ kó o jókòó tì í bóṣù bá ń parí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Bí owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦100,000 lápapọ̀, ₦10,000 ti ilé-iṣẹ́, ₦8,000 ti òṣìṣẹ́. Ti NSITF, àjọ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni, ilé-iṣẹ́ nìkan ló ń san án. Fọwọ́ ara rẹ ṣírò rẹ̀, kò ní í kúrò lórí rẹ mọ́.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́. Èmi náà ni mò ń ṣètò ìsinmi àwọn olùkọ́. Ṣé mo lè kọ ìyẹn sínú CV? Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní HR níbẹ̀.

Bọ̀dá Ìkẹjà:
Kọ ọ́! Má kàn fi oyè tí wọn kò fún ọ síbẹ̀, torí wọ́n á pe ilé-ẹ̀kọ́ láti wádìí. Kọ iye olùkọ́ tí fáìlì wọn wà lọ́wọ́ rẹ, kọ bó o ṣe ń ṣètò ìsinmi wọn. Fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lópin ọ̀sẹ̀.