Log SNMP: ṣé switch Kaduna ń kú lóòótọ́?

Ará Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi. Èmi ni mò ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ wa ní Wuse, a sì ní ẹ̀ka ní Kaduna. Ọjọ́ kẹrin rèé tí kọ̀ǹpútà tó ń fi SNMP (ètò tí a fi ń béèrè ipò àwọn ẹ̀rọ) ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń pariwo lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán pé switch Kaduna (ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà wọn pọ̀) ti kú. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní iná ò lọ. Ọ̀gá mi ti ní kí n lọ ra òmíràn. Mo fi tcpdump gba ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ, àwòrán ẹ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn ìlà tó ṣe kókó nínú ẹ̀ sì nìyí:

14:07:10 Wuse → Kaduna:161 GetRequest id=10473 sysUpTime.0
14:07:16 Wuse: timeout, DOWN
14:07:19 Kaduna → Wuse Response id=10473 sysUpTime.0 = 77760000

Àgbà Barnawa:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni sysUpTime (iye àkókò tí switch ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó tàn) ń kà; ọjọ́ kan jẹ́ 8640000. Tí ẹ bá fi pín tiyín, ọjọ́ mẹ́sàn-án gééré ni. Ká ní ó kú tó jí lánàá ni, òdo ni ì bá ti tún bẹ̀rẹ̀. (Tó bá tó nǹkan bí ọjọ́ 497, ó máa ń padà sí òdo fúnra rẹ̀. Ìyẹn ti jẹ́ kí n dá switch aláìṣẹ̀ lẹ́bi rí.) Ẹ tún wo id yẹn (nọ́ńbà ìbéèrè): 10473 lọ, 10473 bọ̀. Ó dáhùn, ó kàn pẹ́ ni, kọ̀ǹpútà yín ò sì ní sùúrù ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Lọ́la, ẹ ping kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́yìn switch náà (ẹ fi iṣẹ́ kékeré rán an, kí ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó dáhùn). Bí ìyẹn náà bá ń falẹ̀, ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kún.

Ìyá Ìbejì, Kano:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè yọ àwòrán yẹn! v2c (ẹ̀dà SNMP tí ẹ ń lò) kì í bo nǹkan kan, community yín (ọ̀rọ̀ aṣínà SNMP) hàn gbangba níbẹ̀. Yíyọ nìkan ò tó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lónìí.

Ará Kubwa:
Mo ti yọ ọ́, mo sì ti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ṣeun, mà. Bàbá, mo ping kọ̀ǹpútà akáùntì wọn: 40 ms ní aago kan, ó lé ní 8000 ms (ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ) ní aago méjì kọjá díẹ̀. Àṣé ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò kámẹ́rà ránṣẹ́ sí Wuse ní àsìkò yẹn. A ti sún un sí aago kan òru. Mo tẹ log náà sórí ìwé, mo fi 77760000 yẹn han ọ̀gá mi.